Mo Fi Ayé Mi Mú Omi Gbóná ní Ìlú Oòrùn

Ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó fi iṣẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí mo wọlé wá sọ fún un pé mo ti rí ọ̀gá tí yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú omi pìsíìnì, ìyẹn adágún ìlúwẹ̀ẹ́, gbóná, ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ lé orí ìdérí ìkòkò, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Sámúẹ́lì, ní Lomé yìí? Níbi tí omi inú báàfù ń gbóná fúnra rẹ̀ bí a bá gbé e síta? Ẹ wá fẹ́ máa dáná fún un?"

Bàbá mi, tó ń ta abọ́ ní ọjà, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó kàn bèèrè ọmọ ẹni tí ọ̀gá náà jẹ́, àti bóyá ó máa ń mutí.

Mo rántí ẹ̀rín ìyá mi ní oṣù tó kọjá. Pásítọ̀ ìjọ wa ní Agbalépédogan ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń parí lísè, ilé ìwé girama, lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ dáwọ́ lé. Nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́. Tíṣà kan sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́. Ó kàn mí, mo ní mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi mú omi ìlúwẹ̀ẹ́ gbóná, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nawọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ gbẹ́ pìsíìnì sí ilé ìtura tó ń kọ́, kò sì mọ èyí tí yóò rà: ẹ̀rọ gáàsì, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù ooru, tó ń lo iná mànàmáná.

"Tọ́ńtọ̀n," ó pè mí bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbí, "èwo ló dára jù?"

Àkókò ti lọ. Mo dá a lóhùn ní ṣókí, mo jókòó. Ìdáhùn tó kún rẹ́rẹ́ nìyí.

Ọ̀gá Kòjó ni orúkọ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Aného ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Attiégou, èdè Mina la sì jọ ń sọ. Bó ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn: ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n gbé àpótí irinṣẹ́ kí n tẹ̀ lé òun. Ó ga, ó gbẹ, kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí.

Òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìmọ ibi tó ti ń mí. Bí a bá dé ibi iṣẹ́, a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ọmọ ilé ìwé. Yóò wá bi mí pé, "Afẹ́fẹ́ rẹ̀ dà?" Mo gbọ́dọ̀ nàka sí ibi tí afẹ́fẹ́ tuntun ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde. Bí mo bá ṣì í, màá gbé àpótí padà sídìí alùpùpù, màá sì jókòó tì í nínú oòrùn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo jókòó níbẹ̀ débi pé àwọn olùṣọ́ ilé ìtura sọ mí ní Ọ̀gá Alùpùpù.

Òfin kejì ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi lọ́fínńdà para, torí imú ni ẹni tó ń bá gáàsì ṣiṣẹ́ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo fi díẹ̀ para nítorí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọ̀gá Kòjó dúró lójijì lẹ́nu géètì, ó ní, "Òdòdó wo ló tẹ̀ lé mi wá síbi iṣẹ́?" Ó mú mi lọ sídìí páìpù omi, ó ní kí n fọ gbogbo rẹ̀ kúrò lára níwájú alásè ilé ìtura àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti di ìyàwó mi báyìí, títí dòní, bó bá ku àwa méjì, Òdòdó ló ń pè mí.

Nígbà yẹn, ẹ̀rọ gáàsì nìkan ló wà. Òótọ́ sì ni pé omi pìsíìnì ń tutù ní Lomé, ohun yòówù kí ìyá mi sọ. Nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́, òru á gba ooru inú omi, atẹ́gùn òkun á gba ìyókù. Àlejò á ti ẹsẹ̀ bọ omi láàárọ̀, á sì fà á yọ kíákíá. Nínú ẹ̀rọ gáàsì, iná ń jó lábẹ́ páìpù bàbà tí wọ́n ká bí ejò, omi ń gba inú páìpù náà kọjá, ó sì ń gbóná bó ṣe ń lọ. Agbára rẹ̀ wù mí. Ẹ tàn án láàárọ̀, ẹ ó ti máa lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Títí dòní, bí mo bá rí iná gáàsì tó mọ́ gaara, aláwọ̀ búlúù látòkè délẹ̀, inú mi a máa dùn.

Iná yẹn náà ló jó ọ̀gá mi. Ilé ìtura kan létí òkun ló ti ṣẹlẹ̀. A ti to àwọn sìlíńdà gáàsì síta lábẹ́ ìbòòji bó ṣe yẹ. Nígbà tí ọdún sún mọ́lé, àwọn ará ilé ìtura ń bẹ̀rù olè, wọ́n ní kí olùṣọ́ kó wọn sínú kòtò tí pọ́ǹpù omi wà, kó sì ti ilẹ̀kùn. Ó kó wọn tọkàntọkàn, ó tilẹ̀ fi aṣọ bò wọ́n. A débẹ̀ lọ́sàn-án láti wá fọ asẹ́ omi. Ọ̀gá Kòjó dúró lókè àtẹ̀gùn kòtò, ó ní, "Afẹ́fẹ́ rẹ̀ dà?" Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Ó ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wá, á sì dúró sínú kòtò bí omi. Olùṣọ́ wà nísàlẹ̀, ó ń tún àwọn sìlíńdà náà tò. Ọ̀gá mi kò pariwo ní ọjọ́ yẹn náà. Ó ní kí n lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan súìṣì iná kankan. Ó wá séèémí, ó sọ̀kalẹ̀. Mo rí i tó gbá olùṣọ́ mú lọ́rùn ẹ̀wù, tó ń fà á bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dókè tán nígbà tí aago tó ń darí pọ́ǹpù tan pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Iná kékeré tó ta pàrà nínú súìṣì náà ti tó. Gbogbo kòtò gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Irun orí nìkan ló jó lára olùṣọ́, torí pé ọ̀gá mi ti tì í síwájú. Òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀yìn àti apá méjèèjì gba ìyókù. Ní ọsibítù, olùṣọ́ kúnlẹ̀ nídìí ibùsùn rẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Patron, ọ̀gá mi, mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni."

Ọ̀gá Kòjó ní, "Mo mọ̀. Dìde. Gáàsì gan-an kò ṣẹ̀ wá, kò kàn rí ibi gbà lọ ni."

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀gá pàdé lẹ́yìn rẹ̀. N kò tíì rí èyí tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú apá tí wọ́n fi báńdéèjì wé dé èjìká. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò lè di sípánà mú mọ́. Láti ìgbà náà, òun á jókòó lórí àga, á máa sọ, èmi á máa ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dà, kí èmi náà tó wá di ọ̀gá.

Ọdún ń gorí ọdún, pọ́ǹpù ooru dé Lomé. Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọ̀kan sí ilé kan, Ọ̀gá Kòjó ní kí n fi alùpùpù gbé òun lọ wò ó. Àpótí irin kan ló wà níta gbangba, fáànù ńlá wà níwájú rẹ̀, kò sí iná, kò sí èéfín, kò sí sìlíńdà. Ọ̀gá mi jókòó síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ tó ti jó sí fáànù náà. Afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́ jáde. Ó fọwọ́ kan páìpù omi lẹ́yìn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Sámú, fíríìjì ni. Wọ́n kàn yí i padà ni."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Fíríìjì yín nílé ń gba ooru lára ọbẹ̀, ó ń dà á sẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Pọ́ǹpù ooru ń gba ooru lára afẹ́fẹ́ ìta, ó ń dà á sínú omi pìsíìnì. Iná mànàmáná tó ń lò kì í ṣe láti dá ooru sílẹ̀, láti kó o láti ibì kan sí ibòmíràn ni, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í jẹ iná púpọ̀. Ìlú wo ni ooru pọ̀ sí nínú afẹ́fẹ́ tó Lomé? Oòrùn tí ìyá mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ gan-an ni ẹ̀rọ náà ń jẹ.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kì í yára. Bí ẹ bá tàn án lónìí, ó lè di ọ̀la tàbí ọ̀tunla kí omi tó gbóná dáadáa. Bí iná bá lọ, òun náà lọ. Iyọ̀ òkun máa ń jẹ ẹ́, eruku ọyẹ́ sì máa ń dí i, ẹ gbọ́dọ̀ máa fi omi ṣan ara rẹ̀. Ọ̀gá Kòjó kò ta gáàsì nù nítorí rẹ̀. Ẹni tó ń lo pìsíìnì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àlejò bá dé, tó sì fẹ́ kó gbóná kíákíá, ó ní kó ra gáàsì, kó sì fi í síta. Ẹni tí omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójoojúmọ́, kó ra pọ́ǹpù ooru. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló kú sórí ibùsùn rẹ̀, ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi.

Ìparí iṣẹ́ mi ni mo wá fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá mi kò wà láyé mọ́ láti gbọ́.

Màdáàmù Áfí jẹ́ kíné, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá mú ẹsẹ̀ àti apá tó kú bọ̀ sípò. Ó la ilé ìtọ́jú kan ní ẹ̀gbẹ́ Adakpamé, ó gbẹ́ pìsíìnì kékeré sí i fún àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Nínú omi, ara wọn á fúyẹ́, wọ́n á lè gbé ẹsẹ̀ tí wọn kò lè gbé lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n omi náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá tutù, iṣan á le gan-an. Ó wá bá mi kó tó ra ohunkóhun. Mo bi í bóyá ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó. Ó ní gbogbo àárọ̀, àfi ọjọ́ Ìsinmi. Mo ní pọ́ǹpù ooru ni. Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé níta gbangba, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì ń gbèrò láti fi ìyẹn fẹ̀yìn tì.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Àlàájà Sìkírátù. Lomé ni wọ́n bí i sí, ìran Ìlọrin ni, ó ti ń ta ẹja dídì ní pọ́ọ̀tù kí n tó gbéyàwó. Àrùn náà mú ẹsẹ̀ àti apá òsì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ẹnu rẹ̀. Bàbá Olómi ló ń pè mí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé yìnyín tó ń kó ẹja sí kí ọyẹ́ tó tán, àwọn á ti ibẹ̀ pa, àwọn á sì mú un lọ sinmi ní Ìlọrin.

"Ìlọrin wo?" ó bi mí. "Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Wọ́n fẹ́ lọ gbé mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí òkú tí wọn ò tíì sin."

Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo ń lọ yẹ ẹ̀rọ náà wò láàárọ̀, mo máa ń rí i nínú omi tí Màdáàmù Áfí dì í mú, tó ń gbé ẹsẹ̀ òsì, tó sì ń bú u ní Yorùbá pé kó má dójú ti òun.

Ọyẹ́ dé. Ní ọjọ́ kan Màdáàmù pè mí sórí fóònù, ó ní omi ti ń tutù láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò mú ooru wá. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti kọ́lé fún pọ́ǹpù ooru. Ilé tó lẹ́wà ni: wọ́n kùn ún, ó ní òrùlé, ilẹ̀kùn onírin àti àgádágodo. Búlọ́ọ̀kù olójú wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Màdáàmù ní eruku ọyẹ́ ni òun ń bẹ̀rù, àti olè. N kò rí àbùkù níbẹ̀. Ilé wa náà ni wọ́n ti ń fi aṣọ bo rédíò, tí wọn kì í bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga tuntun.

Mo wo ojú búlọ́ọ̀kù náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ gáàsì ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti tó o, ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo wo ibi gbogbo. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó rú mi lójú ni pé yìnyín ti bo ẹ̀yìn rẹ̀, ní Lomé.

Màdáàmù mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má bínú, ẹnì kan ti sọ fún òun pé ẹ̀rọ yìí kò bá ìlú wa mu, yóò sì bá òun gbé ẹ̀rọ gáàsì wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ilé tí òun kọ́ yìí ni yóò gbé e sí, àti sìlíńdà rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ apá ọ̀gá mi fún un. Mo ní àwọn tó wà nínú omi yín kò lè sáré. Ó gbọ́ mi dópin, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Tọ́ńtọ̀n, wọn ò lè rìn pẹ̀lú nínú omi tútù. Kí ni kí n ṣe?"

Mo padà lọ jókòó síwájú ilé kékeré náà. Àlàájà wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nítòsí, wọ́n ti fi aṣọ wé e, torí kò lè wọ omi ní àárọ̀ yẹn.

"Bàbá Olómi," ó ní, "omi yín tutù ju ẹja mi lọ."

Mo ní kó má dá mi lóró. Ó ní òun kò dá mi lóró, òun fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí òun lè mọ ohun tó ń gbé òun lọ sí Ìlọrin. Mo sọ ọ́ fún un bí ọ̀gá mi ṣe sọ ọ́: fíríìjì tí wọ́n yí padà. Kò bá mi jiyàn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi bá ẹ̀rọ yìnyín gbé.

"Ó yé mi. Fíríìjì ń da ooru rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí ńkọ́, níbo ló ń da òtútù sí?"

"Iwájú ni, Àlàájà. Fáànù yẹn ló ń fẹ́ ẹ jáde."

"Jáde lọ síbo?"

Mo gbójú sókè. Ògiri ló wà níwájú fáànù náà, kò tó ìdajì ìgbésẹ̀ sí i.

Àlàájà ti rí i ṣáájú mi. Ó ní kí n ti kẹ̀kẹ́ òun wọlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn onírin, mo tì í wọ inú ilé náà. Ó jókòó níbẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa aṣọ mọ́ra, èémí rẹ̀ sì ń jáde bí èéfín tín-ín-rín.

"Ilé yìnyín ni," ó ní. "Ilé yìnyín tó dára. Ẹ lọ gbé páálí ẹja mi wá."

Màdáàmù Áfí ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà nawọ́ sínú, ó fà á padà, ó sì fi ọwọ́ náà bo ẹnu. Ó ti yé gbogbo wa. Ẹ̀rọ náà ń tu òtútù jáde, òtútù kọ lu ògiri, ẹ̀rọ tún fà á mu, ó tún tu èyí tó tutù jù ú lọ. Búlọ́ọ̀kù olójú jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ gbà wọlé, ṣùgbọ́n ohun tó tú jáde kò rí ibi gbà lọ. Mo rántí ohùn ọ̀gá mi ní ọsibítù. Àbọ̀ ìbéèrè rẹ̀ ni mo ti bi ẹ̀rọ náà. Nítorí pé kò ní èéfín, n kò wá ibi tí ohun tó ń tú jáde ń gbà.

Màdáàmù kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ó pe àwọn tó kọ́lé náà padà, wọ́n wó ògiri rẹ̀ látẹ̀yìn dé iwájú. Irin gbọọrọgbọọrọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, tó jìnnà sí fáànù, tí olè kò lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ń gbà bó ṣe wù ú. Eruku ọyẹ́, mo ní kí wọ́n máa fi omi ṣàn án. Kò sí ẹni tó dárúkọ gáàsì mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àlàájà ti padà sínú omi, ó ń bú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè: sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ilé ìtura tó ń gba àlejò lójoojúmọ́, pọ́ǹpù ooru ni kó rà, kó sì fi í síta gbangba, kó má kọ́lé fún un. Bí ìwọ náà bá sì ń wá iṣẹ́, èyí dára. Ó ń lo imú, ọwọ́ àti orí, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà ló jẹ́ ọ̀gá.

Ní òpin ọyẹ́, Àlàájà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sí pọ́ọ̀tù láàárọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, Màdáàmù Áfí náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ na apá kó dì í mú. Ó fi ìdì kọ́kọ́rọ́ lù ú lápá, ó kọjá lára rẹ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé yìnyín, ó sinmi díẹ̀, ó ṣí i. Òtútù tú jáde sí gbogbo wa lójú. Àkọ́bí rẹ̀ sún mọ́ ọn láti ti ilẹ̀kùn, kí yìnyín má baà yọ́.

"Dúró ná," Àlàájà ní. "Jẹ́ kí Bàbá Olómi rí ibi tó yẹ kí wọ́n máa ti òtútù mọ́."

Ó wá fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò rẹ̀.